ÌWÉ ÌHÁGÚN FÚN TỌKỌTAYA

Ọ̀rọ̀ ogún ni a fẹ́ bá tọkọtaya sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó kọ ìwé ìhágún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé kì í pa ènìyàn. Àìkọ ọ́ ni í da ilé rú.

Ní ọdún 1897, Ọ̀gbẹ́ni Cole kan kú ní Èkó láìfi ìwé ìhágún sílẹ̀. Ní Sàró ni ó ti gbé aya rẹ̀ níyàwó ní ìlànà Kristi ní ọdún 1874. Arákùnrin rẹ̀ dìde, ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wa òun ni àrólé. Opó náà kọ̀, nítorí ọmọ wọn tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ní ọdún 1898 ilé-ẹjọ́ dá a pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ mú ogún náà kúrò lábẹ́ àṣà. Opó borí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ni ó ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Agric ní Ìkòròdú, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Ọkọ fi owó oṣù ra ilẹ̀, aya fi èrè ọjà kan òrùlé; orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lórí rìsíìtì. Bí ẹni náà bá kú, ta ni yóò jẹ́rìí òógùn ẹnì kejì? Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí ìwé ilẹ̀.

Òfin kò kọ̀ kí tọkọtaya kọ ìwé ìhágún kan pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú, a ó tú ìwé náà ká, tòun ti ìfẹ́ ẹni tí ó wà láàyè. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé: ọkàn kan, ìwé méjì.

Kí olúkúlùkù fọwọ́ sí tirẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Kí ọkọ má ṣe ẹlẹ́rìí fún aya, kí aya má ṣe fún ọkọ. Ẹlẹ́rìí tí a há nǹkan fún yóò pàdánù rẹ̀. Ẹ má há ilẹ̀ ẹbí, nítorí ohun tí kì í ṣe tẹni, ẹni kì í há a. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi ìwé náà pamọ́ sí ọ́fíìsì ogún ti Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ jókòó lálẹ́ òní, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ ka ohun tí ẹ ní. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹnì kejì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún un ní ogún.