Olùkọ́ Tí Kì Í Kọ̀wé, Báwo Ni Yóò Ṣe Kọ́ Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá wa ṣí ìwé àwọn ọmọ yín wò lálẹ́ òní. Ẹ óò rí i pé ó kún. Ṣùgbọ́n èwo nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà gan-an? Ohun tí tíṣà kọ sójú bọ́ọ̀dù ló dà kọ, tíṣà sì fi bírò pupa máàkì rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ àròkọ, èyí tí wọ́n ti há sórí ni. Ọmọ tí kò tíì kọjá Ìbàdàn rí yóò kọ ọ́ pé bàálù ni òun wọ̀ lọ lo ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Irọ́ pípa la ń kọ́ ọmọ náà, a sì tún ń fún un ní máàkì lé e!

Èmi kò ka èyí sí ìkọ̀wé. Àdàkọ ni.

Ẹ má rò pé ọ̀ràn kékeré ni. Ẹni tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ́ fún un. Ẹ wo ìyá oníṣòwò tí wọ́n ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá: ọlọ́pàá ló ń kọ ọ́, ìyá á tẹ̀ka sí i nísàlẹ̀, ohun tó wà lókè ìka yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdéhùn ilé àti ilẹ̀. Lójú mi, ìdájọ́ òdodo tí à ń gbàdúrà fún kò lè jìnnà sí ọmọ ọdún méje tó lè kọ ọ́ pé, "Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀, mo wà níbẹ̀."

Ta ni yóò wá kọ́ ọ? Télọ̀ tí kò rán aṣọ rí, ẹ kò ní fi ọmọ yín sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n à ń retí kí olùkọ́ tí kò kọ ojú ewé kan fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ o. Ta ló fún un láyè? Kíláàsì kún fọ́fọ́, owó oṣù kì í dé lásìkò, ó sì ní ọjà tó ń tà ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹnu lè jẹun. A ó wá ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di àwáwí fún àwọn tó jẹ olùkọ́ ní gbèsè láyé.

Bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ ló kọ ìwé Yorùbá fún wa. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé, olùkọ́ ni òun náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Ní 1974, James Gray kó àwọn olùkọ́ jọ nígbà ìsinmi ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ó ní kí wọ́n jókòó kọ̀wé, kí wọ́n kà á sí ara wọn létí, kí olùkọ́ máa kọ́ olùkọ́. Iṣẹ́ náà tàn ká orílẹ̀-èdè wọn. National Writing Project ni wọ́n ń pè é.

Olùkọ́ tó ń kọ̀wé mọ̀ pé àkọ́kọ́kọ kì í mọ́. Bí ọmọ bá kọ "Aja wa ku lana," olùkọ́ tí kì í kọ̀wé yóò máàkì àmì ohùn tí kò sí, yóò dá ìwé padà, ó tán. Ẹnìkejì yóò béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ rí i? Níbo lẹ sin ín sí?" Ọmọ á padà lọ kọ ìlà mẹ́ta kún un. Lẹ́yìn náà ni àmì ohùn. Kó sì jẹ́ ní Yorùbá ná, èdè tó fi sunkún ajá rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Gbọ̀ngàn ìjọ wa máa ń ṣófo ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ tó wà láàrin wa fi wákàtí méjì jókòó níbẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n kà á fún ara wọn. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá se oúnjẹ fún wọn, kí àwọn ọ̀dọ́ mójú tó ọmọ wọn. Èyí tó bá dùn nínú ohun tí wọ́n kọ, àti ti àwọn ọmọ, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé wa yìí.