Bí Ikú Ilé Kò Bá Pani

Àwọn baba wa ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí òwe yìí bá ti jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ojú ẹbí àti ojú aládùúgbò ni a ń wò kiri, tí à ń wá ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ òtútù rí, tí ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí yìnyín ń fi òrùlé ṣe, yóò mọ̀ pé òwe náà jinlẹ̀ ju ìfura lọ, nítorí pé ikú ilé mìíràn wà tí ó jẹ́ ohun rere, ohun tí a fi owó ara wa rà.

Ní ìgbà òtútù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2014 tí ó sì wọ ọdún 2015, òjò dídì, aláṣọ àlà, arọ̀-má-dún, rọ̀ sí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà títí ó fi pé íǹṣì 110.6, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì sí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Nígbà tí ó ṣe, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti òkè àjà nínú ilé púpọ̀, ó ń ba ògiri jẹ́, ó ń rin ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ìta mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú garawa fi ń dì gbagidi. Níbo wá ni omi ti rí ọ̀nà wọlé?

Ooru inú ilé ni ó là á fún un. Iná tí onílé ń dá láti fi lé òtútù, òkè ni ooru rẹ̀ ń lọ: ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gílóòbù tí wọ́n rì sínú àjà, ó ń gba ìdí páìpù, ó ń gba etí ilẹ̀kùn kékeré tí a fi ń gun òkè àjà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí ooru yìí bá ti mú kí pákó òrùlé móoru, ìsàlẹ̀ òjò dídì tí ó sùn lé e lórí yóò yọ́, omi rẹ̀ yóò sì máa yọ́ rìn bọ̀ lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi dé etí òrùlé, níbi tí ó ti yọ kọjá ògiri, tí ooru ilé kò dé. Ibẹ̀ ni yóò ti dì padà. Tòní yóò dì mọ́ tàná, títí yìnyín yóò fi di ìsédò, tí omi tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ọ̀nà lọ mọ́. Àwọn awẹ́ ìbolé ilẹ̀ òtútù sì rèé, tí wọ́n tò léra bí ìpẹ́ ẹja: omi tí ń ṣàn sísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, omi tí ó bá dúró yóò rápálá gba abẹ́ wọn padà sókè, yóò sì bọ́ sínú ilé.

Ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń gbé àáké nígbà náà, tí wọn a gun àkàsọ̀ lọ bá yìnyín jà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: àáké tí ó fọ́ yìnyín yóò fọ́ ìbolé pẹ̀lú. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a máa fi ooru omi híhó yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn a sì dúró ní ilẹ̀, a fi ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu fífẹ̀ wọ́ òjò dídì kúrò lórí òrùlé kí ó tó yọ́ rárá. Gbogbo èyí dára fún ọjọ́ ìpọ́njú, ṣùgbọ́n yìnyín yóò padà wá bí ọ̀nà ooru kò bá dí.

Ẹ wo òpópónà kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò dídì. Òrùlé kan funfun látòkè délẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣí lágbárí, ọ̀pá yìnyín sì ń rọ̀ dirodiro létí rẹ̀, tí àlejò ń yà á ní fọ́tò. Òjò kan náà ni ó rọ̀ sí àwọn méjèèjì. Onílé àkọ́kọ́ ti dí gbogbo ihò àjà rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tẹ́ ohun fúlẹ́fúlẹ́ tí ń sé ooru mọ́lé nípọn sórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta máa gba abẹ́ òrùlé kọjá, kí òrùlé lè tutù bí ìta ti tutù. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń gbé Chicago àti Minneapolis, ẹ tọ ihò ẹ̀rọ tí ń fa èéfín ọbẹ̀ yín lọ: bí ó bá jẹ́ òkè àjà ni ó ń tu ooru sí dípò ìta, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń dáná fún yìnyín.

Ooru kò ṣẹ̀. Àìdúró sí ààyè rẹ̀ ni ó di ikú ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìfẹ́ òbí tí kò ní ààlà ṣe ń ba ọmọ jẹ́, tí ọrẹ tí kò níwọ̀n sì ń sọ ọlọ́rẹ di onígbèsè, láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ibi fún ẹnìkejì. Nítorí náà, ẹni tí omi bá ń kán lé lórí nígbà tí òjò kò rọ̀, kí ó tó bú òjò dídì, kí ó sì tó fura sí ará ilé, kí ó kọ́kọ́ mú fìtílà gun òkè àjà ara rẹ̀.