Ìwé Mẹ́fà Tó Di Márùn-ún

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ka ìwé mẹ́fà, gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni náà á lè bá ìyá àgbà kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, á lè ṣírò owó kòkó láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ, àwọn mìíràn nínú wọn sì di tíṣà. Lónìí, láti Òwódé l'Ọ́yọ̀ọ́ títí dé Tàkíé l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ni kò ní kíláàsì kẹfà mọ́. Ọmọ á ṣe kọ́mọ́ọ̀nù ẹ́ńtíráǹsì ní ìwé márùn-ún, á sì bọ́ sí JSS 1 bí wọ́n bá wọlé lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n á ní ọpọlọ ọmọ náà ló pé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ kíláàsì kan bá jọ fò lọ́jọ́ kan náà, àtẹni tó mọ̀wé àtẹni tó ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé kì í ṣe ọpọlọ ló gbé wọn fò.

Àwa òbí ló gbé wọn, àwa àtàwọn onílé-ìwé. Onílé-ìwé mọ̀ pé bí òun bá ní kíláàsì kẹfà tí ilé-ìwé kejì kò ní, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì la máa kó ọmọ lọ. Àwa náà ti ṣírò owó: owó sáà mẹ́ta la máa fi pamọ́. Èyí tó tún wá dùn jù ni ohun tí a máa rí sọ níbi ìpàdé ẹbí, pé ọmọ mi ò tíì pé mẹ́wàá, ó ti wọ girama. Òbí lèmi náà, mo mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń dùn lẹ́nu tó.

Ètò 6-3-3-4 tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń lò láti àwọn ọdún 1980 kò ṣòro láti ṣírò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni kí ọmọ wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS. Ọmọ ọdún 18 ló máa jáde. Àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ ṣáájú ìgbà yẹn náà kò kánjú. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954, ó di ohun tó lé ní 811,000. Pẹ̀lú gbogbo èrò yẹn, tíṣà ṣì ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ tí kò bá tó etí, ilé ló ń padà sí di ọdún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yẹn kò péye, ọmọ kúkúrú a máa jìyà rẹ̀, àmọ́ ìyá tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà kì í ka ọdún kan náà sí òfò.

Èrè wo ni ìkánjú ti mú wá fún wa? Lọ́dún 2024, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, ní ọmọ tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Ariwo sọ. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún náà, mínísítà tuntun ti dá a padà sí 16. JAMB wá fi àyè sílẹ̀ lọ́dún 2025 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé 16 tí òbí wọn gbà pé ẹ̀bùn wọn yàtọ̀: kí wọ́n gba máàkì 320 nínú 400. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tó jókòó fún ìdánwò JAMB lé ní 41,000. Àwọn tó dé 320 kò tó 600. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ọmọ tí a ń fi yangàn yìí jọ, agbára káká ni ẹ máa fi rí méjì. Àwọn tó kù kì í ṣe olódo. Ọmọdé ni wọ́n, a kàn gbé wọn sáré ni.

Àwa tí a ń gbé l'Ógbómọ̀ṣọ́ ń fojú rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Inú ìlú ni èyí tó pọ̀ jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, wọ́n ń gba yàrá ní Under G, ní Adéníkẹ àti láwọn àdúgbò mìíràn. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń ka iye wọn lálẹ́. Ọmọ tó jẹ́ pé màmá rẹ̀ ló ń jí i lọ́dún tó kọjá ló wá ń dá gaasi rà, tó ń dá onílé lóhùn, tó sì ń dá pinnu irú ẹni tó máa jẹ́ ọ̀rẹ́ òun láàárín àwọn tó ti fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà jù ú lọ. Àwọn kan máa ń là á já, mi ò ní purọ́. Bí ọmọ ọdún 15 bá kó sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe yahoo, àwa náà la máa dé tí a máa béèrè pé ta ló ba ọmọ wa jẹ́.

Ẹnì kan máa dá mi lóhùn pé ìyanṣẹ́lódì ló kó ìkánjú bá wa. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. ASUU ti ilẹ̀kùn yunifásítì pa fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ṣáájú ìyẹn, àríyànjiyàn owó láàárín ìjọba Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun, tí wọ́n jọ ni LAUTECH nígbà náà, ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di ẹni tó jókòó sílé fún oṣù gbọọrọ ní 2016 àti 2017. Òbí tó rí bẹ́ẹ̀ lè ní kí ọmọ òun tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Ọmọ tó jáde girama ní 18, tó fi ọdún márùn-ún kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, 23 ló wà. Bí ìyanṣẹ́lódì bá jẹ ọdún méjì gbáko mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di 25. Ẹni tí kò bá tíì kọjá 30 nígbà tó gboyè ló ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún márùn-ún ṣì kù sílẹ̀! Ọdún kan tí a yọ nínú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tún ìyanṣẹ́lódì kankan ṣe.

Ẹ wo àwọn tí a fi ń yangàn ní agbègbè wa. Wọ́n bí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí LAUTECH ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1910. Ó ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ kọ́ òfin ní ìlú òyìnbó, ọdún 1950 ló sì di lọ́yà, nígbà tó ti tó ẹni ogójì ọdún. D. O. Fágúnwà, tí wọ́n bí ní 1903, ti lé ní ogún ọdún kó tó wọ St. Andrew's College l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 1926 láti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Mi ò ní ká máa dá ọmọ dúró dìgbà tí irùngbọ̀n á hù. Mò ń sọ pé ẹni tó pẹ́ kó tó dé lè bá ibi tó dára.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa l'Ọ́yọ̀ọ́ kò tíì sọ sùúrù yìí nù. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá, kò sí ọmọ-iṣẹ́ tó ń fò. Yóò ha igbá, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi èyí tó fọ́ dánra wò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró. Ọ̀gá kì í wo iye ọdún tí ìyá ọmọ ń fẹ́, ọwọ́ ọmọ ló ń wò kó tó ṣe fríìdọ̀mù fún un. Bí ó bá tú u sílẹ̀ kó tó mọ iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá náà ló máa bàjẹ́ lọ́jà. Èwo nínú àwọn ilé-ìwé wa ló ń bẹ̀rù pé orúkọ òun máa bàjẹ́ bí ọmọ tó jáde lọ́wọ́ òun kò bá lè kọ lẹ́tà?

Ìkánjú kan náà ló wà nídìí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi bá ọmọ ọdún méjì jà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sí ní pálọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ní ká má fi Yorùbá bi ọmọ léèrè ohun tó kọ́ lónìí, ká sì dúró gbọ́ bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí kò bá lè fi èdè ilé ṣàlàyé, ó há a sórí lásán ni.

Ibi tí gbogbo eré yìí ń parí sí ni mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn ìdánwò. Ọmọ tí a gbé fo ìpìlẹ̀ dé SS 3, ilẹ̀ yọ̀, bàbá yá owó láti ra ẹ̀kìpò fún un. Àmọ́ láti 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni ẹni tó gba A rẹpẹtẹ ní WAEC ti ń gba máàkì tí kò ṣeé sọ síta. Yàtọ̀ sí owó tó lọ, ọmọ náà ti mọ̀ pé bàbá òun kò gbà pé òun lè dá a ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ìwé márùn-ún báyìí, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù JSS 1 ná. Bí ilé-ìwé náà kò bá ní kíláàsì kẹfà, kí òbí bíi mélòó kan para pọ̀ béèrè fún un níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Onílé-ìwé tí kò gbọ́ tẹnì kan á gbọ́ ti èèyàn púpọ̀ tó ń sanwó. Ilé-ìwé ìjọba kò pa kíláàsì kẹfà rẹ́, ẹ̀rù owó girama ìjọba náà sì ti dín kù láti ìgbà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà, lóṣù karùn-ún ọdún 2019. Bí ọmọ bá ń lọ́ra, ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é lólódo. Láti 1977 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ti jáde ní 15 kò gbọdọ̀ sunkún, ọdún kan nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí iná mànàmáná kì í ṣe ìyà.

Bí ẹ bá dé ilé-ìwé, ẹ má ya ọ́fíìsì onílé-ìwé lọ tààrà, torí òun ló ń ta fọ́ọ̀mù. Tíṣà ìwé márùn-ún ni kí ẹ bá jókòó. Ẹ ní kó ṣí ìwé ọmọ náà níwájú yín, kí ọmọ ka ojú ewé kan sókè, kó sì ṣe ìpín oní-nọ́ńbà méjì kan lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi tíṣà náà bóyá, bó bá jẹ́ ọmọ tiẹ̀ ni, á jẹ́ kó fò.