Kẹ́ ẹ Tó Sanwó Fúláàtì Etíkun

Ẹ̀yin òbí àti àgbà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gba fúláàtì ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Victoria Island àti Lẹ́kí, l'Ékòó, kí àwọn ọmọ lè rí òkun lásìkò ọlidé. Owó rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá lọ, ẹ sì lè dáná fúnra yín. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fowó pọ́ọ́kú ra ewu.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bó bá wà lábẹ́ fèrèsé tàbí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbà á. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn mọ́jú oorun. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ sáré jáde síta, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìsàlẹ̀ ló yẹ àgbà tí orúnkún ń dùn.

Ní ti òkun, ẹ má gbójú kúrò lára ọmọ, kódà bómi ò bá ju orúnkún rẹ̀ lọ. Bí omi bá ń wọ́ yín lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sápá ọ̀tún tàbí òsì títí agbára rẹ̀ yóò fi dínkù, kẹ́ ẹ tó yà sétí omi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó jókòó sórí iyanrìn.