Àyálò Ọgbọ́n Àti Gbèsè Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó ni wọ́n fi pa òwe náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọgbọ́n pẹ̀lú. Olùkọ́ wo ni kò tí ì gba àròkọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, kí ó sì rí i pé ẹnu kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sọ̀rọ̀, títí kan àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀? Bí a bá bi wọ́n, ọ̀kan á ní òun kò jalè, òun kàn wo ìwé ẹlòmíràn ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: níbo ni yíyá parí sí, níbo sì ni olè ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tó múlé gbe èbúté Àpápá ní Èkó. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi bá ń gúnlẹ̀ sí, ẹrù nìkan kọ́ ni ó máa ń já síbẹ̀. Èdè àti orin a máa bá a dé. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ bíi Daddy Showkey gbé orin àti ijó galala lárugẹ. Ìlù rẹ́gẹ̀ àti ragga láti Jàmáíkà wà nínú rẹ̀ gbangba, kò sí ẹni tó fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n èdè pijin tí wọ́n fi kọ ọ́, ìyà àti ẹ̀fẹ̀ àdúgbò tó kún inú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ nínú ijó náà, Ajégúnlẹ̀ ló ni wọ́n. Wọ́n yá, wọ́n sì fi tiwọn kún un. Èmi kò lè pe èyí ní olè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú lítíréṣọ̀ wa. Nígbà tí ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952, àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó yá púpọ̀ lára D. O. Fágúnwà, ẹni tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ ti jáde ní 1938. Ṣùgbọ́n Fágúnwà pàápàá bu omi láti inú kànga àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ ìwé Fágúnwà yìí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ pamọ́.

Láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ayò chess ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná gan-an. Ní 2005, Fabien Letouzey, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé Fruit 2.1 jáde, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí ìwé àṣẹ rẹ̀ béèrè kò pọ̀: ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, kódà ẹ tà á, ṣùgbọ́n ẹ má yọ orúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì fi kóòdù tiyín náà han ẹni tí ẹ bá fún. Láìpẹ́, Rybka tí Vasik Rajlich kọ gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé láti 2007 dé 2010. Ní oṣù kẹfà 2011, ẹgbẹ́ ICGA dájọ́ pé ó da kóòdù kọ láti inú Fruit àti Crafty láìsọ, wọ́n sì gba oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀. Rajlich gbà pé òun ka Fruit, òun sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò dà á kọ. Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tó bá a jà nítorí pé ó kẹ́kọ̀ọ́. Ìjà náà dá lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ní ó pè ní tirẹ̀.

Ẹ wá fi Stockfish wé e. Orúkọ tí Òyìnbó ń pe ẹja gbígbẹ ilẹ̀ Norway, irú èyí tí ọkọ̀ ń kó wá fún ọbẹ̀ wa, ni orúkọ ètò yìí. Ní 2008, Marco Costalba ará Ítálì kọ́ ọ lé orí Glaurung tí Tord Romstad ará Norway kọ, wọ́n sì sọ orísun rẹ̀ fáyé gbọ́. Ní 2020, wọ́n tún mú ọgbọ́n kan tí Yu Nasu ará Japan dá fún ayò shogi wọ inú rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi lẹ́nu láti pe ilé iṣẹ́ ChessBase lẹ́jọ́ ní Jámánì ní 2021, pé Stockfish ló pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń tà bí Fat Fritz 2. Ní 2022 ni wọ́n parí ìjà. ChessBase gbà láti má ta ohun tí Stockfish wà nínú rẹ̀ fún ọdún kan.

Àwọn kan á ní ọgbọ́n kì í ṣe ti ẹnì kan. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí kò lówó ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́: lónìí, ó lè gba Stockfish lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì ka kóòdù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀kùn náà ṣí nítorí pé àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń yá. Gbogbo ẹni tó bá yá tí ó sì sẹ́, ń ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọmọ yìí lójú. Egbèje tó ń bọ̀ ni ó bẹ́gi dí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má yá. Ẹ kọ́ ọ kí ó kọ ibi tí ó ti yá a sí ìsàlẹ̀ àròkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ àròkọ fúnni. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní máàkì lórí ohun tí ó fi kún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù láti dárúkọ. Ẹni tó bá ti sọ ẹni tó yá a láṣọ, kò sí ẹni tó lè bọ́ ọ lára rẹ̀ lójú agbo.