Pọ́tì Kì Í Ṣe Irin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ìlú wa, a ti ń fi itọ́ mọ ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá lu ara ọkọ̀ àtijọ́, dípò kí a gé ibi tó ti jẹra kúrò, kí a sì jó páànù tuntun mọ́ ọn, a ó ki pọ́tì bọ inú ihò, a ó ha á kó dán, a ó wọ́n ọ̀dà sí i, a ó sì máa pè é ní àtúnṣe. Èmi kò gbà pé àtúnṣe ni. Ẹ̀tàn ni, ẹ̀tàn tó sì lè pa ènìyàn ni. Ọmọ ọdún 16 ni mí, mi ò tíì lè wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ni Volkswagen Beetle, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ọkọ̀ ìjàpá. Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ni wọ́n rà á ní ọdún 1979 nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Bàdágìrì. Kò ti Jámánì wá lódindi o. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Bàdágìrì ní Èkó ló tò ó pọ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló gbé ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí bàbá mi. Nígbà tí Bàbá àgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e wá sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ti ṣe tirẹ̀ kó tó kúrò ní Bàdágìrì. Ìpẹtà ti mú un lábẹ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá mi gbé e lọ fún pánẹ́bítà kan. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn apá òsì ti lu, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ àga ẹ̀yìn ti lu, etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà náà ti ń rún bíi bisikíìtì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọkùnrin náà fi ṣe é. ₦45,000 ló gbà. Nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé, ó ń dán débi pé àwọn ará àdúgbò ń bi wá pé ṣé a ti ra òmíràn ni. Inú bàbá mi dùn. Èmi gan-an ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nínú òjò oṣù Kẹsàn-án, à ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá àti ìyá mi wà níwájú, èmi àti àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò kan, a gbọ́ gbàgà. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi ní, “Àǹtí mi, ìdí mi ń gbóná.” Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kí n tó fèsì, èéfín ti ń yọ láti abẹ́ àga. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ ìjàpá ní. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò lè jáde àfi kí ẹni iwájú kọ́kọ́ sọ̀, kó sì tẹ àga tirẹ̀ síwájú. Ìyá mi ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ń pariwo Jésù, èmi sì gbé àbúrò mi lé itan. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì ló bá wa da iyanrìn sí iná náà.

Kí ló fà á? Lára ọkọ̀ ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún ni bátìrì máa ń wà. Ilẹ̀ tí bátìrì wa jókòó lé ti já ní apá kan, bátìrì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ lọ kan sípíríǹgì irin tó wà nínú àga, ohun tí wọ́n kì sínú àga sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Nígbà tí a wá tú ibẹ̀ wò, kò sí páànù tuntun kankan. Ìwé ìròyìn ni ó rún sínú ihò, ó fi pọ́tì bò ó, ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún lókè nísàlẹ̀. Mo ṣì rí ọjọ́ tó wà lára ìwé ìròyìn náà kà. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ni.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tí a lè fi nǹkan bò mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, wọ́n kọ́ wa pé irin, omi àti ọ́síjìn ló ń para pọ̀ di ìpẹtà, iyọ̀ sì máa ń mú kó yára. Àyè tí ìpẹtà ń gbà ju èyí tí irin gbà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà, bó ṣe ń pọ̀ lábẹ́ ọ̀dà ló ń ti ọ̀dà sókè bí eéwo. Bí ọ̀dà bá là, omi wọlé nìyẹn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Pọ́tì fúnra rẹ̀ sì máa ń fa omi. Bí a bá fi dí ihò, omi tí táyà ń ta sókè á gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, pọ́tì á mu ún, á sì gbé e dúró sára irin díẹ̀ tó kù. Ohun tí a pè ní oògùn ló wá ń bọ́ àrùn.

Mi ò sọ pé pọ́tì kò wúlò. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí a fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ tẹ́ ojú irin tó ti le tán kí ọ̀dà lè dán. Ṣùgbọ́n irin abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ìjàpá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ara ọkọ̀ náà àti ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan méjì tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ra, ibi irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí sì ni púpọ̀ nínú bóòtù náà ti wọlé. Orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni àga jókòó lé. Bí méjèèjì bá ti di pọ́tì, kí ló di ènìyàn mú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀?

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Nínú ọlidé gígùn, bàbá mi gbé ọkọ̀ náà fún wẹ́dà àgbàlagbà kan, èmi ni mo sì ń gbé omi fún un. Kó tó tan iná rárá, ó yọ bátìrì, ó yọ táǹkì epo tó wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó àga àti kápẹ́ẹ̀tì jáde, ó gbé garawa omi àti iyanrìn sítòsí. Ó wá ń fi òòlù kékeré kan ara ọkọ̀ kiri. Ibi tó bá dún ganran, irin ni. Ibi tó bá dún gbọ̀, pọ́tì tàbí ìpẹtà ni. Ó gé gbogbo ibi tó jẹra títí ó fi kan irin funfun tó le. Ihò tó tóbi ju ọpọ́n ayò lọ ló ṣẹ́ kù nílẹ̀ ọkọ̀ wa. Mo rò pé ó ti bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tó bá ń bẹ̀rù àtigé, ìpẹtà ni yóò jó páànù tuntun mọ́.”

Ó fi páálí gé ìwọ̀n ihò náà, ó gbé páálí lé páànù, ó sì gé páànù tó nípọn bíi ti ọkọ̀ gan-an. Páànù ara ọkọ̀ kì í sábà nípọn ju mìlímítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lo ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń jó géètì. Ó ní á kàn máa lu ihò mìíràn ni. Gáàsì kábáìdì ló lò, ó sì lé mi jìnnà nígbà tó ń po ó. Kò jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jó o díẹ̀ níbí, ó jó o díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jẹ́ kó tutù, kó tó padà wá dí àlàfo, nítorí ooru tó bá pọ̀ lójú kan á mú kí páànù ká bí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ó lọ ojú rẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún nínú àti lóde, ó wá fi ọ̀dà dúdú bíi ti títì bo abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 11 ló fi ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Owó dà?” Òótọ́ ni, iṣẹ́ yìí wọ́n. ₦160,000 ni bàbá mi san. Ṣùgbọ́n ₦45,000 àkọ́kọ́ kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú rẹ̀. Ṣe ló fi kún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan gan-an ni kò gbọ́dọ̀ san owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí owó kò bá sì tó, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀dà ni a ó fi sílẹ̀, kó má jẹ́ irin. Ẹ jó ilẹ̀ ọkọ̀ lónìí, ẹ kùn ún pupa, ẹ máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn ènìyàn fi yín rẹ́rìn-ín sàn ju kí wọ́n wá bá yín kẹ́dùn lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí a ra tòkúnbọ̀. Mo bi wọ́n léèrè: ta ló sọ fún yín pé kò sí pọ́tì lára tòkúnbọ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olótùútù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ abẹ́ ọkọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìpẹtà lára ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára ọkọ̀ tó ti òkè òkun wá.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé pánẹ́bítà yẹn nìkan ni mò ń bá wí. Ó purọ́ fún wa, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi ń bá a dúnàá dúrà. Bàbá mi kò bi í léèrè pé irú páànù wo ló máa lò. Ohun tó sọ ni pé, “Ṣáà jẹ́ kó dán, kó sì yá.” Ohun tí a béèrè fún gan-an ló fún wa. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń sanwó fún dídán, dídán ni wọn yóò máa tà fún wa, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin tọkàntọkàn yóò sì máa jókòó láìrí iṣẹ́.

Ilé ìwé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ètò-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011 ka iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà nígbà náà, iṣẹ́ wẹ́dà àti àtúnṣe ara ọkọ̀ sì wà lára wọn. Ní ilé ìwé tiwa, a kò rí ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tí mo béèrè, olùkọ́ kan ní iṣẹ́ ọmọ tí kò mọ̀wé ni, ká má tilẹ̀ sọ ọmọbìnrin. Mi ò fèsì, nítorí ọmọ kì í bá àgbà jiyàn. Níbí yìí ni mo ti fẹ́ fèsì: ẹni tí kò mọ̀wé ló fi ìwé ìròyìn dí ilẹ̀ ọkọ̀ tí àbúrò mi jókòó lé. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ olódo.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ béèrè irin kí ẹ tó béèrè ọ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n fi ihò tí wọ́n gé hàn yín kí wọ́n tó dí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde nínú rédíò. Ẹ gbé e lé ibi tí wọ́n ní àwọn tún ṣe. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kí òṣìṣẹ́ náà kú iṣẹ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Bó bá já bọ́, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un, kó lọ ṣe é.