Ẹ Má Ṣe Fi Kòkòrò Oko Pamọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo,

Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni dídènà kòkòrò tí ń ba irè oko jẹ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ni ó ń bójú tó ọ̀ràn náà, àjọ NAQS tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń yẹ irúgbìn àti ẹran wò ní èbúté àti ní ibodè. Ṣùgbọ́n àfòpiná kì í gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọjá ní ibodè.

Ẹ rántí kòkòrò tòmátì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó dé Spéènì ní ọdún 2006, ó gba Àríwá Áfíríkà kọjá, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀ràn náà ti di pàjáwìrì. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì di ọ̀wọ́n gógó ní Mile 12. Abo kan lè yé ẹyin tó 260. Ìdin rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sínú ewé àti èso, nígbà tí yóò bá sì fi tó nǹkan bí oṣù kan, ìran mìíràn a ti dìde.

Mile 12 ni tòmátì òkè Ọya ń gúnlẹ̀ sí. Apẹ̀rẹ̀ tí ó gbé e wá, àti èso jíjẹrà tí a dà sẹ́yìn ọjà, lè kó ẹyin àti ìdin wọ oko tí ó wà nítòsí. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó wọn wọ oko tòmátì yín. Bí ẹ bá rí ewé tí ó ní ojú funfun, tí ìdin ti jẹ inú rẹ̀, ẹ já a, ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má ṣe gbin tòmátì tàbí ikàn tẹ̀ lé tòmátì lórí ilẹ̀ kan náà. Ewédú tàbí àgbàdo ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ ohun tí ń di yín lẹ́nu: ẹ̀rù ń bà yín pé wọn yóò fa gbogbo oko náà tu, kí gbèsè sì kù sí yín lọ́rùn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nígbà tí àrùn adìẹ wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí a pa adìẹ wọn. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó ń gbin tòmátì: ẹni tí ó sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ pàdánù ju ẹni tí ó dákẹ́ lọ. Kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ohùn kan gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìjọba.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ìdáhùn wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀, nítorí oko yín fara kan ara wọn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.